Ẹnì Kẹrin tí Mo Jẹ Lówó

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹsẹ̀ wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ń gbọ́. Bó bá ń bọ̀, n óò lóṣòó sí igun; bó bá kọjá, n óò tún dìde, n óò máa rìn láti ògiri dé ògiri. Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀, n kò sì mọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo pa Súlè.

Ahunṣọ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Alùpùpù ló kó bá mi. Àlàájì kan yá mi lówó òwú, mo fi ra alùpùpù, torí kí àwọn ọmọge lè máa wò mí. Kí n lè san ti Àlàájì, mo yá ti ìyá aláṣọ kan. Kí n lè san tìyẹn, mo yá ti alájọ. Nígbà tó yá, n kò lè fara balẹ̀ jókòó sídìí òfì mọ́. Bí ajá lásán bá gbó, mo ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Àlàájì ní kóòtù ni òun ń gbé mi lọ, kí wọ́n ta gbogbo ohun tí mo ní. Bàbá Ràbí, àgbà ahunṣọ agbo ilé wa, ló pe àwọn olówó náà jọ. A ti ta alùpùpù, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

"Bí ẹ bá ta òfì rẹ̀, kí ni yóò fi san ìyókù? Ẹ jẹ́ kó máa hun aṣọ. Ọwọ́ mi ni yóò máa kó o sí. Ní Jímọ́ọ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù, ẹ wá pín owó rẹ̀, bí gbèsè kálukú bá ṣe tó. Èmi ni mo dúró fún un."

Wọ́n gbà. Àlàájì tilẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀. Bàbá wá kọjú sí mi.

"Ṣé àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni? Bí ẹlòmíràn bá yọjú lẹ́yìn èyí, àdéhùn bàjẹ́ o."

"Àwọn nìkan ni, Bàbá."

Irọ́ ni mo pa. Súlè, ọ̀rẹ́ mi tó ń dáko ní Òkàkà, ti kó gbogbo owó iṣu rẹ̀ fún mi. Mo ní ìyá mi ń ṣàìsàn ni. Ìyá mi náà sì rèé níbi ìpàdé, ara rẹ̀ le koko. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dárúkọ Súlè?

Ní oṣù kejì, Súlè dé. Àwọn ahunṣọ tó kù ti lọ kírun Jímọ́ọ̀, èmi nìkan ló wà nídìí òfì.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ń pín owó nílé Bàbá Ràbí lónìí. Èmi náà á bá wọn jókòó."

"Súlè, dákun, fún mi lóṣù kan sí i."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìyá rẹ lójúde ni. Àìsàn wo ló ṣe é?"

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Mo gbé òkúta tí a fi ń fa òwú kó lè le, mo là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kò tilẹ̀ pariwo. Mo pè é títí, kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ń mú mi jáde ní kóòtù, Bàbá Ràbí di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún.

"Ọmọ mi, ti pé àdéhùn á bàjẹ́ yẹn, mo kàn fi dẹ́rù bà ọ́ lọ́jọ́ náà ni. Ká ní o mú Súlè wá, ṣebí a ò bá ti sún fún un, kó jókòó, kó máa gba tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí wọ́n bá bi yín pé ta lẹ tún jẹ lówó, ẹ ka gbogbo wọn pátá. Ojú á tì yín lọ́jọ́ náà, ẹ óò sì padà sílé yín.