Ọbẹ̀ Lúrú Tí Mo Sè fún Kàfáyá

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Alfa Sùfíyánù ọkọ mi ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ nìkan ni kò ríran mọ́. Zubaidat, ẹ̀gbọ́n Àbdùlbàsìt ọkọ Kàfáyá, ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Kàfáyá, ọmọ ọmọ mi, ṣì wà láyé. Mo kọ́kọ́ ka orúkọ wọn kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè já mi nírọ́ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò tú àṣírí yìí bí mo bá gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Èmi nìkan ló kù. Èmi Hàwáù, ìyá àgbà yín ní Banifandou ní Niamey níbí, tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀ tí ẹ ń pè ní ìyá rere, ẹ gbọ́ irú ẹni tí ẹ ń kúnlẹ̀ fún. Ẹsẹ̀ mi ti wú, mo sì mọ irú wíwú tó jẹ́, àmọ́ kì í ṣe ikú ló lé mi débí. Sàlímà ọmọ Kàfáyá ni. Lọ́jọ́ ọdún Iléyá tó kọjá, àwọn ọmọ ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí àwo ẹran, wọ́n ní, "Rọra o, ọmọ ẹni tí oúnjẹ pa!" Ọmọ náà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dìde. Láti ìgbà náà, oúnjẹ tó bá bù sẹ́nu, bí ẹni ń jí i jẹ ló ń ṣe. Ó ń gbẹ lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí pẹ̀lú ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n kọ́ àwa ìyá ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe ń wọ́, ẹ wo ohun tó ń sọ. Oúnjẹ kọ́ ló pa ìyá Sàlímà. Èmi ni.

Màríámọ̀ ọmọ mi ló bí Kàfáyá, orí ìkúnlẹ̀ náà ló sì kú sí. Ọmọ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò tó ọmọ ológbò. Fúrà àti wàrà ni mo fi tọ́ ọ. Ẹni tó bá rí ọ̀dá ńlá tó jà nílẹ̀ yìí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó, tó rí àwọn darandaran tí wọ́n gbé ọmọ wọ Niamey, tí orí ọmọ tóbi ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, ẹni náà kò ní bá ọ̀rá ṣọ̀tá láéláé. Lójú tèmi, ọ̀rá ni okùn tí wọ́n fi so ènìyàn mọ́ ayé. Bí Kàfáyá ṣe ń sanra ni orí mi ń wú. Àwọn obìnrin Zarma àdúgbò á na ọwọ́ sí i, wọn á fi èdè wọn kí mi pé, "Fofo, Ìyàwó Alfa! Ọwọ́ yín ló ṣe èyí?" Èmi á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dé ládé. Àbdùlbàsìt pàápàá, tó ń ta aṣọ ní Lazaret, kò sẹ́ pé ara náà wà nínú ohun tó wu òun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bí Sàlímà, sísanra náà kọjá ẹwà. Orókún rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí àga ló ti ń kírun. Àtọ̀gbẹ mú un. Bó bá sùn, èémí rẹ̀ á dúró, àwa tó bá wà nítòsí á di èémí tiwa mú títí tirẹ̀ á fi padà.

Dókítà kan ní kílíníìkì kan ló sọ fún un pé àwọn lè gé lára àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kúrò, kó má lè gbà ju ìwọ̀nba lọ. Àmọ́ ó ní ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà ti dùbúlẹ̀ lé ikùn lórí, bí kò bá sì súnkì, ọ̀bẹ kò ní ráyè kọjá. Ó wá fún un ní ohun tí wọ́n ń pè ní rejíìmù: ẹyin sísè, ẹja sísè, ewé, ọbẹ̀ tí òróró kò kàn rárá. Kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì, kò sí fúrà. Wọ́n á máa gbé e lé òṣùwọ̀n. Bí kò bá fúyẹ́, kò sí iṣẹ́ abẹ. Kàfáyá kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni kí ẹ máa dáná fún mi. Bí mo bá dúró nílé mi, Zubaidat á máa dín ẹja lábẹ́ imú mi, á ní ìyàwó àbúrò òun ti di olóyè, kò jẹ ohun tí aráyé ń jẹ mọ́." A jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fọkàn tán mi, ẹ̀yin ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí. Bí oníbúrẹ́dì bá ń kígbe lọ lójú títì, á fi gèlè di imú. Á máa fi yìnyín sẹ́nu, á máa lá a. Nígbà mìíràn á wá jókòó tì mí, omi á lé ròrò sójú rẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ebi yìí lè gbàgbé mi." Mo bi í pé kí ló ń wá gan-an. Ó ní, "Mo fẹ́ fi iwájú orí mi kan ilẹ̀, Ìyá. Ó ti pẹ́ tí mo ti kàn án kẹ́yìn." Mo gbọ́ èyí, mo sì dìde lọ sídìí ìkòkò mi.

Ọbẹ̀ lúrú, ọbẹ̀ ewé osè gbígbẹ, ni mo ń sè fún un. Ẹ mọ lúrú, bí ó ti ń yọ̀ tó sì dúdú, kò sí ohun tí kò lè bò. Mo ra mánṣánù, òróró wàrà màlúù tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí ọjà Petit Marché. Mo gún kúlíkúlí kúnná bí àtíkè. Bí lúrú bá ń hó, mo máa ń da méjèèjì sí i, mo máa ń fi ìjábẹ̀ lù ú títí kò fi ní sí àmì lójú rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé àánú ni. Wọ́n fẹ́ fi ebi pa á kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, ara tó gbẹ kò lè gba ọ̀bẹ. Irọ́ ni! Kì í ṣe àánú nìkan. Ìgbéraga wà níbẹ̀. Bó bá fọn tán, tí ara rẹ̀ wá yá, kí ni wọn á sọ nípa ọwọ́ mi tó bọ́ ọ? Kàfáyá tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè. "Ìyá, ọbẹ̀ yìí mà dùn jù. Ṣé kò sí nǹkan nínú ẹ̀?" Mo ní, "Ebi ló ń mú gbogbo nǹkan dùn, jẹun jàre." Alfa tí kò ríran ló mọ̀. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé imú sókè, ó ní, "Ìyá Màríámọ̀, òórùn mánṣánù wo nìyẹn?" Mo ní, "Ẹ dákẹ́, Alfa. Ọmọ yín ń kú lọ." Ó ní, "Òun ló ń kú lọ, àbí ìwọ ló ń pa á?" Kò tún sọ ọ́ mọ́, kò sì tú àṣírí mi títí Ọlọ́run fi pè é. Mo mọ̀ pé ìyẹn náà wúwo lọ́rùn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kò lọ sílẹ̀. Dókítà kọ́kọ́ rọra sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó bínú. Àbdùlbàsìt gbé e padà wá sílé mi, ó tú àpò rẹ̀ dà sílẹ̀, ó gbé tìmùtìmù sókè, ó ń wá búrẹ́dì. Zubaidat tẹ̀ lé e wá, ó di apá mọ́yà, ó ní, "Ẹ yẹ abẹ́ ọmú ẹ̀ wò, ilé ìṣúra wà níbẹ̀." Kàfáyá búra. Ó fi Kùránì búra. Ó ní òun kò fi ohun kankan sẹ́nu lẹ́yìn èyí tí wọ́n fún òun. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń fún mi lóúnjẹ. Ẹ sọ fún wọn." Ẹ̀yin ọmọ mi, àyè ṣí sílẹ̀ fún mi nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ: "Ebi kì í ṣe ojúlùmọ̀ ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Bó o bá jẹ nǹkan, jẹ́wọ́. Ọkọ rẹ ni." Àìtètè mólè, olè mú olóko. Kàfáyá wò mí bí ẹni tí ilẹ̀ là mọ́ lẹ́sẹ̀. Dókítà sì ti sọ pé bó bá jẹ́wọ́, òun á fún un láyè kan sí i, bí kò bá jẹ́wọ́, ó parí. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó bo ojú, ó ní, "Mo jẹ búrẹ́dì. Mo jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ dárí jì mí." Ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Mo dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo lọ fọ ìkòkò.

Ó padà sílé ọkọ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ se ẹyin, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ se ẹja, kò gba ohun tí ẹlòmíràn bá fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ojú Àbdùlbàsìt mọ́lẹ̀, ó ń sọ kiri pé, "Ẹ rí i? Ìgbà tó fi ìtànjẹ sílẹ̀ ni." Wọ́n dá ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ. Ilé mi ni wọ́n ní kó ti kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Alfa ṣàdúrà fún un. Ẹ mọ àṣà wa, àwa ará Ìlọrin. Ẹni bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan ńlá, a máa ṣe sàráà fún un, ẹni tí a ń ṣe é fún ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án kí a tó pín in. Mo dín mọ́sà jéró, mo da oyin lé e lórí. Mo po fúrà. Nígbà tí Kàfáyá wọlé, egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Mo rí ọ̀dá ńlá yẹn lójú mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé àwo fún un. Ó fà sẹ́yìn: "Ìyá, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ, mi ò gbọ́dọ̀ mu." Mo ní, "Ṣé sàráà ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ? Ṣé dókítà ló dá ẹ ni?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ bá mi gbé e pa mọ́, bí mo bá dé, màá jẹ ẹ́." Gbólóhùn "bí mo bá dé" yẹn ló dà mí lórí rú. Mo kúnlẹ̀. Èmi àgbàlagbà, mo fi eékún mi méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ọmọ ọmọ mi. Ó kígbe, "Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má gbé ègún lé mi!" Mo ní mi ò dìde títí ó fi jẹ ẹ́. Alfa ń ké láti orí ẹní pé kí n fi ọmọ sílẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Ó mú mọ́sà kan. Ara tí kò tíì rí oyin láti ìgbà yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ dúró lórí ẹyọ kan? Ó jẹ, ó ń sunkún, ó tún mú òmíràn. Èmi fúnra mi ni mo gbé igbá fúrà sí i lẹ́nu. Inú mi dùn. Ọlọ́run mi, inú mi dùn!

Ní kílíníìkì, nọ́ọ̀sì kan fi Hausa béèrè pé, "Ta ci abinci?" bóyá ó ti jẹun. Kàfáyá la ẹnu, ó yíjú wò mí. Mo ti dáhùn kó tó sọ̀rọ̀. Mo ní, "A'a, láti àná kò fi nǹkan kan ẹnu." Kàfáyá pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò ní sọ ìyá rẹ̀ di òpùrọ́ lójú àjèjì, bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Wọ́n gbé e wọlé. Nígbà tí dókítà jáde, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní bí àwọn ṣe ń fi oògùn kùn ún ní oorun, oúnjẹ ru jáde láti inú rẹ̀, ó ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kò tilẹ̀ tíì fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ní, "Ó tún jẹun ní kọ̀rọ̀." Àbdùlbàsìt fi orí gbá ògiri. Zubaidat ní, "Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Mo jókòó láàárín wọn, wọ́n ń bu omi fún mi mu, wọ́n ń rọ̀ mí pé kí n ṣe sùúrù.

Ọjọ́ mélòó kan ló fi wà lórí ibùsùn pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló lajú. Àbdùlbàsìt bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Kàfáyá, ta ló fún ẹ lóúnjẹ? Ta ni?" Kò lè sọ̀rọ̀. Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi kan àyà ara rẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣùgbọ́n ìka tí kò ṣẹ̀ ni mo wò tó ń jẹ́jọ́ dípò mi, mi ò sì mira. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, ó ti lọ. Ọwọ́ mi yìí wà nínú ọwọ́ tó wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e sí àgbàlá, lẹ́mọ́mù béèrè bí a ṣe ń béèrè pé ẹni tí òkú bá ṣẹ̀ kó yọ ọ́ lọ́rùn rẹ̀. Mo wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo gbọ́ ohùn Àbdùlbàsìt. Ó ní, "Ó purọ́ fún mi nítorí oúnjẹ. Mo dárí jì í. Mo dárí jì í níwájú Ọlọ́run." Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Àbdùlbàsìt ọmọ mi, aya rẹ kò purọ́ fún ọ rí, àfi lọ́jọ́ tó jẹ́wọ́. Ìdáríjì tí o fún un lọ́jọ́ náà, kò nílò rẹ̀, kò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. Gbà á padà kúrò lọ́rùn òkú. Bí ó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú rẹ̀, èmi ni mo wà lórí eékún mi níbí, tí mo ń tọrọ rẹ̀.