Ìbọn Kajiwara Kò Ní Àléébù

Ẹ má tún yọ ara yín lẹ́nu nítorí ìbọn Kajiwara mọ́. Ìbọn náà ò ní àléébù kankan. Èmi ni mo ní àléébù. Dókítà ti sọ fún mi pé èmi ò ní rí ọdún tuntun, ohun tí mo sì ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ jáde kí n tó lọ. Nishio, ìwọ tó o ni igbó ẹ̀yìn Chiba tí a ti ń ṣeré ogun, mo bẹ̀ ọ́, ka ìwé yìí fún gbogbo ẹgbẹ́ láàárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n bá tò láti gbọ́ òfin.

Ẹ mọ òfin àkọ́kọ́. Ọta ike tí ìbọn ìṣeré wa ń yìn kì í fi àmì sílẹ̀ lára aṣọ, kò sì sí adájọ́ lẹ́yìn igi. Ẹni tí ọta bà ni yóò nawọ́ sókè, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kígbe pé, "Ó bà mí!", tí yóò sì jáde. Nítorí náà, a kì í tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pé ó gbé ọta mì, pé ọta bà á, ó sì fi pamọ́. Bí ọta rẹ ò bá dé ibi tó o rán an, ìbọn rẹ lo máa kọ́kọ́ fura sí.

Nínú ẹgbẹ́, wọ́n máa ń ní ọta kì í ba èmi Hatanaka. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí n fọwọ́ kan àsíá àwọn alátakò wa, kí n sì borí, nígbà tí Kajiwara, ẹni tó ń ṣe tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, ní àdúgbò wa, yọ lẹ́yìn igi. Mo gbọ́ ọ léjìká mi: ta, ta, ta. Ó tiẹ̀ dùn mí. Ọwọ́ mi ti ń gòkè lọ, ni mo bá tún wo àsíá, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo sáré. Àgbàyà ni mí.

Kajiwara ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, mo bà yín! Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo rí i tó ta padà lára yín!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kajiwara, èéfín tófù ti bò ẹ́ lójú. Gbé ìbọn yẹn wá fún mi lọ́la, ó jọ pé ọta rẹ̀ kì í lọ jìnnà mọ́." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi kúkú ni mò ń tún ìbọn gbogbo yín ṣe. Ta ni yóò já mi nírọ́?

Ó gbé e wá lóòótọ́. Mo tú u bí mo ṣe ń tú ìbọn tí ọta rẹ̀ ò bá lọ jìnnà tàbí tó ń fọ́n kiri. Mo ti aṣọ gba inú ọ̀pá rẹ̀; aṣọ náà jáde láìlábàwọ́n. Mo wọn ọta, ìwọ̀n wọn pé. Mo wo rọ́bà kékeré inú rẹ̀, èyí tó máa ń tẹ orí ọta kó lè máa pòòyì sẹ́yìn bó ṣe ń fò, torí pípòòyì yẹn ló ń gbé e jìnnà. Ó gbẹ, ó mọ́. Mo yìn ín lẹ́yìn ilé: ogójì mítà, ó ba agolo ní gbogbo ìgbà. Kajiwara mọ ìbọn tọ́jú ju èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀gá lọ.

Mo wá mú epo ẹ̀rọ, mo kán an sórí rọ́bà náà lẹ́ẹ̀mejì péré. Rọ́bà tó bá ń yọ̀ ò lè yí ọta.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo ní kó yìn ín lójú gbogbo yín. Ọta já lulẹ̀ ní ogún mítà. Èyí tó tẹ̀ lé e yà sósì bí ọ̀mùtí. Kajiwara bọ́ ìbòjú rẹ̀, ó tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. "Ẹ̀gbọ́n, mo ba orúkọ yín jẹ́ láàárín èèyàn. Ẹ forí jì mí."

Mo gbá a léjìká. Mo ní, "Ó ti tán, àbúrò." Ẹ gbọ́ o, ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mo ń dárí jì! Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ló burú jù.

Kò padà sí pápá mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ ló ń gbé tófù wá fún mi ní ọsibítù, á gé e wẹ́wẹ́ kó lè rọ̀ mí lọ́fun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ṣì ń tì mí lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ tún ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Inú yín mà dáa jù o."

Mo gbé abọ́ tófù sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu ò gbàgbé. Ẹni tó ń kó o ni kò mọ̀ pé kì í ṣe tòun.

Kajiwara, gbé ìbọn náà kúrò lẹ́yìn àwọn àpò ẹ̀wà sóyà rẹ. Fi ọṣẹ tí o fi ń fọ abọ́ fọ rọ́bà yẹn, kó o jẹ́ kó gbẹ. Yóò tún dé ogójì mítà. Ojú rẹ dáa, ọwọ́ rẹ dáa, ẹnu rẹ ò sì purọ́. Bí o bá lè forí jì mí, jọ̀ọ́, forí jì mí. Bí o ò bá lè, má gbé tófù wá mọ́. Ó tọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọta bá bà yín, ẹ nawọ́ lójú ẹsẹ̀, torí bó bá dọ̀la, ọwọ́ yẹn á ti wúwo. Tèmi ò lè kọjá àyà mọ́ báyìí. Nishio, bá mi na tìrẹ sókè.

Kajiwara, ó bà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, léjìká ọ̀tún.