Eré tí Alàgbà fi Báírò Pa

Obìnrin méjì tó wọ sùtánà jókòó níwájú mi nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking.

Èyí tó jẹ́ àbúrò ní, "Alàgbà ìjọ wa ti fi báírò pa gbogbo ibi tí ìyàwó ti dá ọkọ lóhùn nínú eré Àjíǹde tí mo kọ."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Láyé àtijọ́, ìjòyè ààfin ọba kan ló ń ka eré nílùú òyìnbó yìí kí wọ́n tó gbà kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ti fòpin sí i."

"Àwọn eré tí ìjòyè náà kọ̀ ńkọ́, àǹtí?"

"Wọ́n wà ní láíbìrì. Ẹni tó ní kí wọ́n má ṣe é náà ló tọ́jú ìwé wọn."

"Òun náà?"

"Òun náà."

Àbúrò ní, "Alàgbà ò mọ nǹkan tọ́jú. Ẹ jẹ́ ká padà lọ gba ìwé eré mi lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó dìde, ó tẹ agogo bọ́ọ̀sì.