Róbótó Tí Wọ́n Ní Kó Ṣófo

Dákẹ́! Má ní kí n jókòó, mi ò jókòó! Ṣé ìyá kan náà kọ́ ló bí èmi pẹ̀lú ẹ ni? Nínú gbogbo ọlọ́dà tó wà láyé, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló wá fi búrọ́ọ̀ṣì ba ti ọmọ mi jẹ́!

Olùkọ́ ìṣirò fi pẹ́ńsù ya ìlà nọ́ńbà sórí bébà, ó ní kí o yà á sára pátákó ilé ìwé bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Róbótó kan lórí ọgọ́ta, inú ẹ̀ ṣófo, ọfà kọjú sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹni tí máàkì ẹ̀ bá ju ọgọ́ta lọ ló wọ kíláàsì ìṣirò ńlá. Ọgọ́ta fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀, kí ẹni tó bá gba ọgọ́ta lọ tún ìdánwò ṣe ní Sátidé. Ó tán! Kí ló wá dé tí o fi ọ̀dà dúdú dí inú ẹ̀ pa?

Kí lo wí? Ó dà bí iṣẹ́ tí o ò parí? Háà, mo gbé! Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù ni?

Ọgọ́ta géérégé lọmọ mi gbà. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ìdí pátákó yẹn, ó ń fò sókè, ó ní, “Màámi, ẹ wò ó, inú ẹ̀ kún, ọgọ́ta wà nínú ẹ̀, mo ti wọlé!” Àwọn tó gba ọgọ́ta bíi tiẹ̀, tí wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí róbótó ń sọ, tí wọ́n kàn ń bẹ̀rù, lọ tún ìdánwò ṣe. Tèmi jókòó sílé, ó ń fi bébà bo ìwé tuntun, nítorí pé ó mọ ìṣirò ẹ̀!

Àárọ̀ yìí ni wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ò sí nínú kíláàsì ìṣirò ńlá. Kò sunkún o, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí dé egungun. Ó kàn wò mí, ó ní, “Màámi, ṣé mo ṣì í kà ni?” Òun tó kà á re!

Mi ò fẹ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi”, fi í sílé! Dìde, wọ bàtà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé là ń lọ, wàá fẹnu ara ẹ sọ ohun tí o ṣe, kí wọ́n fún un ní ìdánwò tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé mi la ó kọ́kọ́ yà. Wàá wo ojú ọmọ yẹn, wàá sọ fún un pé òun kọ́ ló ṣì í, ìwọ ni.