Káàdì Kọ̀ǹpútà Tí Mo Da Omi Àdúrà Sí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, n kò mọ̀wé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́.

Káyọ̀dé, àbíkẹ́yìn mi, la jọ ń gbé ní Agbowó. Iṣẹ́ iná ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní àwọn òyìnbó ń wá bí wọn ó ṣe fi mágínẹ́ẹ̀tì há iná tó gbóná ju oòrùn lọ mọ́ inú ẹ̀rọ, kó má fara kan ògiri. Ẹ̀rọ náà kò sí níbí, inú kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣe àfarawé rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe, wọ́n á lu ú ní ihò sára káàdì, ìyẹn bébà líle pélébé. Ti Káyọ̀dé kún páálí bàtà kan. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá gbé e lọ fún kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, iná inú àfarawé náà á sá lọ kan ògiri. Ọ̀gá rẹ̀ wá ní bí kò bá yanjú ní Fúráìdeè, kó gbàgbé ìwé ẹ̀rí.

Ọmọ mi ò jẹun mọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tó lọ wẹ̀, mo ṣí páálí yẹn, mo gbàdúrà, mo sì da omi àdúrà sí i. N kò ṣahun rẹ̀ rárá.

Ó wọlé, ó rí káàdì tó ti ń wú.

"Màmá, kí lẹ dà síbẹ̀?"

"Omi àdúrà ni."

"Ẹ̀rọ kì í gba káàdì tútù. Ẹ ti pa mí, Màmá."

Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé, a ń tò wọ́n sóòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó ní bí wọ́n bá dàrú, ó parí nìyẹn. Òjò sì ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé. Ọwọ́ mi ń tò, ojú mi ń wòkè.

Ibẹ̀ ni mo ti rí méjì tó tẹ̀lé ara wọn, tí ihò wọn bára mu pátápátá. Mo ti ta léèsì ní Dùgbẹ̀ pẹ́, mo mọ ihò tó bára mu.

"Káyọ̀dé, ṣé méjì ló yẹ kí eléyìí jẹ́?"

Ó wò ó títí. "Èyí ló ń ní kí iná gbé ẹsẹ̀ kan. Ọ̀kan ya lọ́jọ́sí, mo lu òmíràn, n kò yọ ti tẹ́lẹ̀. Màmá, ẹsẹ̀ méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló ṣe ń kan ògiri."

A kó wọn wọlé kí òjò tó dé. Ó yọ ọ̀kan nínú méjì yẹn, ó sì fi gbogbo Ọjọ́bọ̀ tún èyí tó wú lù. Ní Fúráìdeè, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Kí n má purọ́, n kò lè gbàdúrà, ojú ń tì mí láti pe Ọlọ́run.

Ọ̀sán ló dé, ó di ìwé gbọọrọ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde mọ́ àyà.

"Màmá, iná dúró. Kò kan ògiri."

Ẹ bá mi yọ̀ o, ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fògo fún Ẹni tó gba inú àṣìṣe arúgbó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, Káyọ̀dé wá jókòó tì mí. Ó ní bí mo bá tún fẹ́ gbàdúrà sí iṣẹ́ òun, kí n jọ̀ọ́ gbọ́wọ́ lé e lásán.