Ẹṣin Ogójì Nídìí Ọkọ̀ Ògbólógbòó

Rárá o, Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní jókòó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wulẹ̀ gbé àga fún mi, tí mo bá jókòó pẹ́nrẹ́n mi ò ní lè dìde mọ́! Àbúrò yín fẹ́ kú ni. Mo ní àbúrò yín, ọkọ mi, baba àwọn ọmọ mi, ó fẹ́ la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ kó wọ inú omi lọ kó má padà wá, ẹ sì ní kí n fara balẹ̀. Ara wo ni kí n fi balẹ̀?

Omi? Ẹ ṣeun, mi ò fẹ́ omi. Èyí tí mo mu nínú ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ yìí ti tó mi.

Ẹ́ńjìnnì ni! Ẹ́ńjìnnì tuntun tó rà ni mò ń sọ. Ẹ kúkú mọ̀ pé ti àtijọ́ ti kú, àárín òkun ló kú sí mọ́ ọkọ mi àti àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́, omi wá ń gbé wọn lọ títí àwọn apẹja mìíràn fi rí wọn, tí wọ́n so wọ́n mọ́ ọkọ̀ tiwọn, tí wọ́n fà wọ́n wálé. Ìyẹn ò dùn mí. Mo ní kò dùn mí, torí ó délé. Èmi náà ni mo sọ fún un pé kó má fi ẹ́ńjìnnì yẹn jáde mọ́, ká wá òmíràn. Àwa méjèèjì la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A dúró níwájú kékeré kan, agbára rẹ̀ kò ju ti àtijọ́ lọ, ẹnì kan péré lè gbé e sí èjìká kó máa súfèé lọ sétí omi. Mẹkáníìkì wa ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ má wo ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ohun tí ọkọ̀ bá lè gbé ni kẹ́ ẹ rà fún un." Ọkọ mi fọwọ́ lé kékeré náà lórí, ó wo ojú mi, ó ní, "Èyí ti tó wa." Ẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Èyí ti tó wa!

Mo bá fi í síbẹ̀, mo gbé ẹja lọ fún àwọn oníbàárà mi. Ìgbà tí mo délé, kí ni mo bá ní pálọ̀?

Yéè! Ohun dúdú ràgàjì kan, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí àlejò tí kò ní lọ mọ́, àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, gbogbo ilé ń rùn fún ọ́ìlì. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì wa ni." Mo ní kékeré ńkọ́? Ó ní òun ti yí ọkàn padà. Ó ní agbára ẹṣin ogójì ló wà nínú èyí. Ẹṣin ogójì! Ẹ bá mi bi í, Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń so ẹṣin ogójì mọ́ ìdí ewúrẹ́ arúgbó? Ọkọ̀ tí bàbá yín kàn kí n tó wọ ilé yín! Ọkọ̀ tí mo máa ń fi òwú àti ọ̀dà dí ojú pákó rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú egbò!

Rárá, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Láàárọ̀ yìí ó ní òun fẹ́ dán an wò. Mo ní a jọ ń lọ ni. Ó ní kí n dúró sílé, mo ní irọ́ ni, kó tó ṣẹ́jú mo ti wà nínú ọkọ̀, iwájú ni mo jókòó sí. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé nǹkan ọ̀hún kọ́ sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, gbìì! ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí lójijì tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí pákó dọ́gba. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, wo ẹ̀yìn rẹ." Kò wò ó. Ó fa okùn.

Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má bi mí bí ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ṣe ké. Iwájú ọkọ̀ gbéra nílẹ̀, ó kọjú sókè, èmi tí mo jókòó síbẹ̀ mi ò rí omi mọ́, sánmà ni mò ń wò, mo di igi ìjókòó mú, mò ń pariwo orúkọ Ọlọ́run, mo sì ń gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, pákó tí wọ́n gbé e kọ́ ló ń dún bẹ́ẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí olè ń fọgbọ́n ṣí. Ọkọ mi wá dín eré rẹ̀ kù lójijì. Ìgbì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ló sáré lé wa bá, ó gba orí ẹ́ńjìnnì wọlé, ó dà sí wa lára yàà! Abọ́ ni mo fi ń gbọ́n ọn, mo gbọ́n, mo gbọ́n, mi ò mọ̀ bóyá omi ni mò ń gbọ́n àbí ẹkún mi. Etí omi ò sì jìnnà o! Ibi tí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe ti ń wò wá náà ni! Tó bá jẹ́ lọ́hùn-ún ńkọ́, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wòran?

A gúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré ni." Mo fi Ẹlẹ́dàá mi búra, ẹ̀rín ló ń rín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀rù ń ba òun náà! Òun náà mọ̀! Ó wá lọ wá pákó mìíràn, ó ń kàn án mọ́ èyí tó ti jẹrà, ìṣó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ọṣẹ, ó ní bílẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, ojú òkun lọ́hùn-ún ni òun ń lọ.

Kí lẹ ń wò nídìí mi? Rọ́bà ni. Rọ́bà tí epo ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì náà, mo ti yọ ọ́, mo fi di ìgbànú. Kó wá a! Kó tú gbogbo ilé! Wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi lonílé, mi ò gbà.

Ohun tó ń jó mi lọ́kàn jù ni pé a ti fẹnu kò, àwa méjèèjì. Ta ló wá yí i lọ́kàn padà? Ta ló bá a sọ̀rọ̀ láàárín ìgbà tí mo lọ sí ìgbà tí mo bọ̀? Ẹni tó gba ọkọ mi ní ìmọ̀ràn yẹn, ẹni náà ò fẹ́ràn mi, kò fẹ́ràn àwọn ọmọ mi, kí oorun má kun ojú rẹ̀, kí ó...

Ẹ ní kí ni?

Kí n má ṣépè mọ́? Kí ló dé?

Ẹ̀yin.

Ẹ̀yin lẹ ní kó ra ńlá? Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀yin tí mo sáré wá bá? Ẹ̀yin lẹ pè é lórí fóònù, tí ẹ ní kékeré ò lè gbà á? Mo gbé! Ṣé ẹni tí mò ń pè lẹ́jọ́ ni mo dúró tí mò ń ro ẹjọ́ fún láti àárọ̀!

Ẹ dákun, ẹ má sunkún. Mi ò ní kẹ́ ẹ sunkún. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.

Bàbá? Nínú ọkọ̀ yìí kan náà? Háà. Ọkọ mi kàn sọ fún mi pé bàbá òun ti kú ni, kò sọ bó ṣe kú, mi ò sì bi í. Ẹ́ńjìnnì ló kú mọ́ Bàbá lọ́wọ́? Omi gbé e lọ? Ẹ̀yin lẹ dúró sétí omi nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ náà wọlé, tí ẹ yọjú wo inú rẹ̀, tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó tún wá fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí àbúrò yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ bá ní kó ra alágbára, èyí tí omi kankan ò ní lè borí, tó máa gbé e wálé tipátipá.

Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí okùn, á sá. Mi ò bá yín jà mọ́. Èpè yẹn, mo ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ẹ̀rù kan náà ló ń bà wá, ibi tí kálukú sá gbà ni kò dọ́gba. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù kí ẹ́ńjìnnì má kú, èmi ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ má rì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ ṣì wà, èèyàn á máa fi àjẹ̀ wà á, á máa pariwo, títí ẹnì kan á fi gbọ́. Bí ọkọ̀ bá rì ńkọ́? Kí ni ẹṣin ogójì fẹ́ gbé wálé? Irin yẹn ló máa kọ́kọ́ fà wọ́n lọ sísàlẹ̀!

Ẹ ò mọ̀? Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀, ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀.

Ẹni tó tà á ní tí a bá tètè gbé e padà, òun á fi kékeré náà pààrọ̀ rẹ̀ fún wa. Ká wá pe káfíńtà, kó yọ pákó jíjẹrà yẹn kúrò, kó fi gidi síbẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi, ó ní òun ti ṣèlérí fún ẹnì kan. Mo ti wá mọ ẹni náà báyìí. Ẹ̀yin lẹ gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tú u sílẹ̀. Kì í ṣe lórí fóònù o. Lójú ara rẹ̀. Ẹ dìde, ká lọ.

Ẹ ní kí ni? Ẹ máa fúnra yín wọ inú ọkọ̀ náà? Ẹ̀yìn lẹ fẹ́ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kó tan án tó bá láyà?

Hẹ̀! Hẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ẹ má fi ẹ̀rín pa mí, inú ń run mí! Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ìdí yín yìí àti ẹṣin ogójì lójú kan náà? Ẹ ò tíì jókòó tán tí ẹja á ti máa kí yín káàbọ̀! Ẹ ò sì lè lúwẹ̀ẹ́!

Ó dáa. Ó dáa náà, mo ti nu ojú mi. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀, èmi náà á jókòó tì yín, màá di apá yín mú. Ká wo ọkùnrin tó máa fa okùn ẹ́ńjìnnì lójú àwa méjèèjì. Ẹ wọ bàtà yín.