Wákàtí Kan Tí Mi Ò Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ọkọ mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Múfú sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mi ò lè gbé mì.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni mo wà. A ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó ń lọ sábẹ́ omi láìsí èèyàn nínú rẹ̀, láti yẹ páìpù ìsàlẹ̀ ọ̀sà wò. Bátìrì kì í gbé e pẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi lo gáàsì háídrójìn. Tí gáàsì yìí bá pàdé ọ́síjìn nínú àpótí kan, iná mànàmáná ló ń mú jáde, omi lásán ló sì ń ṣẹ́ kù.

Bọ̀ọ̀dá Múfú, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń so àwọn páìpù gáàsì náà. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Tó bá so wọ́n tán, èmi ni mo máa jókòó ti géèjì fún wákàtí kan gbáko, kí n wò ó bóyá gáàsì ń jò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo wà nínú oyún oṣù méje, ẹsẹ̀ mi wú, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ sì fẹ́ gbéra. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo jókòó. Mo kọ wákàtí kan sínú ìwé, mo buwọ́ lù ú, mo bá tèmi lọ sílé ní Ifákò.

Lọ́jọ́ Ajé, níwájú àwọn tó fẹ́ rà á, iná ọkọ̀ náà kú lábẹ́ omi, ó sì rì. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, gáàsì ti jò tán. Ọ̀gá wa bi mí bóyá mo dúró pé wákàtí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò jò rárá."

Bọ̀ọ̀dá Múfú nìkan ló tún tú ojú páìpù kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó ń rọ gáàsì sí i. Ọ̀gá ní kò dè é padà dáadáa. Bọ̀ọ̀dá Múfú ò jiyàn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Wọ́n lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ó kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí mo ti bímọ tán tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Ibi tí Bọ̀ọ̀dá Múfú dè le dan-in dan-in. Rọ́bà ojú páìpù mìíràn ló là. Ká ní mo dúró pé wákàtí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, géèjì ì bá ti fi hàn mí. Mo jù ú sínú pàǹtí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ipò Bọ̀ọ̀dá Múfú ni mo wà báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó ń ta ike. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wáṣẹ́ míì.

Ó ní, "Wọ́n pè mí síṣẹ́ ní Ìlúpéjú, mi ò lọ. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi mọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ ò lè purọ́ mọ́ mi. Èmi ni mo gbàgbé láti dè é." Ó wá ṣàdúà fún ọmọ mi.

Mo ti ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́hun ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Múfú? Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀?